Yíyẹ Ẹsẹ̀ Iwájú àti Sítíárìn Mọ́tò Àtijọ́ Wò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á, máa ń bi mi ṣáá. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó máa ń da àwọn mẹkáníìkì pàápàá rú. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: ìwúwo ọkọ̀ máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Oríkèé tó ti jẹ lè dúró gbọnin lábẹ́ ẹrù, kó sì máa mì fàláfàlá bí ẹ bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Kí ló wà nínú ẹsẹ̀ iwájú, kí ló sì wà nínú sítíárìn?

Ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ tó sì ń jẹ́ kó lọ sókè-sódò: áàmù (apá irin) òkè àti ti ìsàlẹ̀, àwọn búṣìn wọn (rọ́bà tó wà níbi tí áàmù ti ń mì), bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí kíńgì pínnì (oríkèé tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì), sípíríńgì, ṣọ́ọ̀kì àti bẹ́árìn. Sítíárìn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ yín dì mú, ó gba ọ̀pá inú ọkọ̀ lọ sí àpótí sítíárìn (tí gíà wà nínú rẹ̀) tàbí ráàkì (ọ̀pá eléyín tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì), ó wá gba táì rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń ti táyà tó sì ń fà á) dé ìdí táyà.

Bí wọ́n ṣe tò ó kò dọ́gba. Beetle tí Volkswagen ṣe títí di àárín ọdún 1965 ní kíńgì pínnì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. MGB ní kíńgì pínnì àti ráàkì. Peugeot 504 ń lo ṣọ́ọ̀kì MacPherson (èyí tí sípíríńgì yí ká) pẹ̀lú ráàkì. Mercedes W123 ní àpótí sítíárìn, ó sì tún ní ṣọ́ọ̀kì kékeré kan tó dúró ti sítíárìn fúnra rẹ̀. Ẹ mọ irú tiyín kí ẹ tó gbé jáàkì, nítorí ibi tí ẹ máa fi jáàkì sí gan-an dúró lé e lórí.

Ìgbà wo ló yẹ kí n yẹ ẹ́ wò?

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fa girísì sí i. Lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò ńlá tàbí tó kọlu etí títì, àti kí ẹ tó wa ọkọ̀ tó ti dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ tí kò rìn kì í sinmi: rọ́bà ń gbẹ, girísì ń le, omi ń jókòó sínú oríkèé.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Jáàkì tó lágbára, sítáàǹdì méjì, ohun tí ẹ máa fi há táyà ẹ̀yìn, irin gígùn tí ẹ lè fi gbé nǹkan sókè, tọ́ọ̀ṣì, sìkúdíráífà, mágínẹ́ẹ̀tì, tépù ìwọ̀n àti ìwé ọkọ̀ náà (èyí tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe). Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹnì kejì. Ẹnì kan kò lè máa yí sítíárìn kó tún máa wo abẹ́ ọkọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e sókè tí kò ní já lé mi lórí?

Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ki í sí gíà, ẹ há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Jáàkì wà fún gbígbé nìkan. Sítáàǹdì ló ń di ọkọ̀ dúró. Ẹ má ṣe ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó dá lé jáàkì, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó.

Lára mọ́tò àtijọ́, ibi tí ìwé ní kí ẹ ti jáàkì bọ̀ lè ti jẹrà. Ẹ fi sìkúdíráífà gún un wò kí ẹ tó gbé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó sórí sítáàǹdì, ẹ tì í láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá fẹ́ ṣubú, kó ṣubú nígbà tí ẹ ṣì wà níta.

Kí ni mo lè rí kí n tó gbé ọkọ̀ sókè rárá?

Ohun tó pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ wo ojú táyà iwájú méjèèjì. Bí etí inú tàbí etí òde nìkan bá jẹ, álàìmẹ́ǹtì (bí táyà ṣe kọjú síbi tó yẹ) ti yẹ̀ tàbí nǹkan kan ti tẹ̀. Bó bá jẹ ní kòtò-kòtò yíká, ẹ fura sí ṣọ́ọ̀kì àti oríkèé tó dẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀: láti ọdún 2000 ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tó wà lára táyà ti ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún, bẹ́ẹ̀ ni 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ rí, táyà náà ti wà láti ìgbà tí ọdún 2000 kò tíì dé. Ẹ yọ ọ́ dànù, kódà bí ojú rẹ̀ ṣì dán.

Ẹ fi tépù wọn ìwọ̀n láti àárín rímù dé etí irin tó bo táyà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí apá kan bá rẹlẹ̀, sípíríńgì lè ti kán tàbí kó ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ibi tó fìdí sí ló ti jẹrà.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi táyà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì máa yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, lemọ́lemọ́, kí ẹ̀yin máa wo oríkèé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Níbi tí apá kan bá ti ń lọ tí èkejì sì ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ gbé ọwọ́ lé e: ìka máa ń gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Bí ọkọ̀ náà bá ní páwà sítíárìn, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà ìdánwò yìí, kí ọwọ́ àti aṣọ sì jìnnà sí bẹ́líìtì.

Sítíárìn mi dẹ̀ díẹ̀. Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ dẹ̀ tó kó tó di ewu?

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ráàkì ni tàbí àpótí. Ráàkì tó dára kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ̀ rárá. Bí etí sítíárìn bá rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan kí táyà tó dáhùn, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ alápòótí máa ń dẹ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá, ọ̀pọ̀ ìwé sì gba nǹkan bíi 25 mm. Ìwé ọkọ̀ yín ni kó bá yín parí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí dídẹ̀ náà ti wá ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Milimítà díẹ̀ tó pín káàkiri oríkèé mẹ́fà jẹ́ ti ọjọ́ orí, ẹ lè ṣètò àtúnṣe rẹ̀. Iye kan náà, bó bá jẹ́ inú táì rọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ti ń jáde, lè jẹ́ kí oríkèé náà yọ lójú ọ̀nà.

Mo mi táyà, ó ń mì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń mì?

Nígbà tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá mì, ó lè jẹ́ bẹ́árìn, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí kíńgì pínnì. Ẹ wá ní kí ẹnì kejì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Bí mímì náà bá parẹ́, bẹ́árìn ni, nítorí bíréèkì ti so họ́ọ̀bù mọ́ ohun tó gbé e dání. Bó bá ṣì ń mì, oríkèé ni.

Ẹ tún di í mú lápá òsì àti ọ̀tún. Mímì níbí sábà máa ń jẹ́ ti táì rọ́ọ̀dù, ti ráàkì tàbí ti áídílà áàmù (apá tó gbé ọ̀pá sítíárìn dání ní òdìkejì àpótí). Kí ẹnì kejì wo abẹ́ bí ẹ ṣe ń mì í. Bó bá mì lọ́nà méjèèjì bákan náà, ẹ padà sórí bẹ́árìn.

Báwo ni bẹ́árìn iwájú ṣe gbọ́dọ̀ le tó?

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí bẹ́árìn wọn rí ṣóńṣó, mímì kékeré bí ìmí ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ di nọ́ọ̀tì bí ẹ ṣe ń yí táyà kí bẹ́árìn lè jókòó dáadáa, ẹ wá tú u padà díẹ̀, ẹ fi kọ́tà pínnì (irin kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) tuntun tì í. Ẹni tó bá di í pa, gbígbóná ni yóò fi pa bẹ́árìn náà.

Ìlànà yìí kò kan gbogbo ọkọ̀. MGB ní wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣètò àyè náà kí wọ́n tó di nọ́ọ̀tì le. Bẹ́árìn Morris Minor kì í ṣe irú onísóńṣó yìí, dídì ni wọ́n ń di tirẹ̀. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín.

Ṣé kí n kàn tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì ṣì dára?

Ó ń sọ fún yín bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, kò lè sọ bó bá ń kú lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì fi í sílẹ̀, ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Bó bá ń jó lọ jó bọ̀, ó ti tán. Ẹ wo ara rẹ̀ fún ọ́ìlì tó ń jò, ẹ sì wo rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀.

MGB àti Morris Minor ní ṣọ́ọ̀kì alápá, èyí tí apá rẹ̀ jẹ́ áàmù òkè fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó jẹ níbi tí apá ti ń yí kò pin sí jíjó nìkan. Ó ń mú kí táyà fì sínú-sóde. Ẹ mi apá náà síwá-sẹ́yìn. Bó bá mì, fífi ọ́ìlì kún un kò ní wò ó sàn.

Báwo ni mo ṣe ń fa girísì sí kíńgì pínnì?

Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá wà lórí pínnì, girísì máa gba ibi tó ṣófo, kò ní dé ibi tí irin ti ń tẹ irin, ibẹ̀ gan-an ló sì ń jẹ. Ẹ nu ẹnu ihò girísì mọ́ kí ẹ má baà ki iyanrìn wọlé. Ẹ máa fa girísì díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, títí girísì tuntun yóò fi yọ lókè àti nísàlẹ̀.

Bí kò bá wọlé, ẹ má sọ pé ó ti kún. Ó ti dí ni. Ẹ pààrọ̀ ẹnu ihò náà; bí kò bá tún wọlé, ẹ tú pínnì. Pínnì tó gbẹ ló ń mú kí sítíárìn wúwo, tí kì í sì í padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yí kọ́nà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n má fi girísì sí trunnion ọkọ̀ Triumph?

Nítorí pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Herald, Vitesse, Spitfire àti GT6 ní ọ̀pá irin kan tó wé wọ inú trunnion (oríkèé) onídẹ nísàlẹ̀, bí bóòtù ṣe ń wé wọ nọ́ọ̀tì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn ni ọ̀pá yẹn ń yí nínú rẹ̀. Ọ́ìlì gíà ni ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa fà sí i. Girísì máa ń le nínú rẹ̀, kì í dé ìdí, omi á wá jókòó sísàlẹ̀, ọ̀pá irin á dógùn-ún. Ọjọ́ tó bá kán, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀.

Bí ẹ bá ra irú ọkọ̀ yìí tí ẹ kò sì mọ ìtàn rẹ̀, ẹ tú u, ẹ fọ ọ̀pá náà mọ́, ẹ wò ó fún ìpatà àti ìlà tó fẹ́ sán, pàápàá níbi tí ojú wíwé rẹ̀ ti pin. Bí ìyèméjì bá wà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Morris Minor náà ní trunnion oníwéwé, ṣùgbọ́n girísì ni tirẹ̀, àti déédéé. Bí ojú wíwé náà bá jẹ tán, ọ̀pá máa fà yọ. Lójú ọ̀nà wẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ẹ ti ń yí kọ́nà láti wọlé, ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Búṣìn tuntun tí mo fi sí i ya láàárín ìgbà díẹ̀. Ṣé ayédèrú ni?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, rọ́bà tí kò dára pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí ẹ ṣe di bóòtù rẹ̀. Búṣìn tí rọ́bà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin kì í yí. Lílọ́ ló ń lọ́. Bí ẹ bá di í nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń rọ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á sì wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ ki bóòtù bọ̀ ọ́, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹ mì í kó jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ di í pa.

Búṣìn oníke líle ní tirẹ̀ máa ń pẹ́, ó sì ń jẹ́ kí sítíárìn dáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n ó ń fi gbogbo gálọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí irin tó dì í mú. Èmi kì í fi í sí ọkọ̀ tí irin abẹ́ rẹ̀ kò bá dá mi lójú.

Ìpatà dé ibi tí wọ́n de áàmù mọ́. Ṣé ó burú?

Ìpatà ojú kò burú. Ẹ fi sìkúdíráífà gún un, ẹ fi èèkù rẹ̀ lù ú: irin tó dára ń dún gooro, èyí tó ti jẹrà ń dún bọ̀ọ̀. Ẹ lo mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n fi pọ́tì àti ọ̀dà dúdú kọ́ irin tí kò sí mọ́. Ibi tí ẹ máa wò jù ni ibi tí áàmù ti so mọ́ ṣáńsì (egungun irin abẹ́ ọkọ̀), ibi tí ṣọ́ọ̀kì MacPherson ti fìdí mọ́ ara ọkọ̀ lókè, ibi tí wọ́n de àpótí sítíárìn mọ́, àti ìdí torsion bar (ọ̀pá irin tó ń lọ́ láti ṣe iṣẹ́ sípíríńgì).

Torsion bar fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ojú ọgbẹ́. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí tí ìpatà sì ti jẹ irin wọlé ni ìlà kíkán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì pààrọ̀ ti ọ̀tún sí òsì: ó ti mọ́ ọn lára láti lọ́ sápá kan, bí ẹ bá lọ́ ọ sí òdì, ó lè kán.

Ibo ni kí n fi jáàkì sí kí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó lè fi ara rẹ̀ hàn?

Níbí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ wo ibi tí sípíríńgì jókòó sí. Bó bá wà lórí áàmù ìsàlẹ̀, bíi ti Mercedes W123, oríkèé ìsàlẹ̀ ló ru ọkọ̀. Ẹ fi jáàkì sábẹ́ áàmù ìsàlẹ̀ náà, sún mọ́ táyà bó bá ti lè ṣe é ṣe. Jáàkì á gba agbára sípíríńgì, oríkèé á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ láti ṣáńsì, sípíríńgì á máa ti áàmù sílẹ̀, oríkèé á fún pinpin, ẹ ó sì kéde pé ó dára.

Bí sípíríńgì bá wà lórí áàmù òkè, bíi ti Ford Mustang tó jáde ní 1964, òdìkejì ni. Ẹ ki pákó sáàárín áàmù òkè àti ṣáńsì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó gbé e láti ṣáńsì. Ti MacPherson, ẹ gbé e láti ara ọkọ̀, kí táyà rọ̀; sípíríńgì rẹ̀ yí ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ká, kò di oríkèé ìsàlẹ̀ mú. Torsion bar ń tẹ̀ lé ìlànà sípíríńgì: áàmù tó bá so mọ́ ni áàmù tó ru ọkọ̀.

Ẹ wá ki irin gígùn sábẹ́ táyà, ẹ gbé e sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnì kejì máa wo oríkèé. Àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ gbà kí wọ́n lọ sókè-sódò díẹ̀. Yíyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò ní àwíjàre.

Ṣé kí n di ìdè àpótí sítíárìn kí ó má baà dẹ̀ mọ́?

Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti yẹ gbogbo oríkèé yòókù wò. Mo ti rí àpótí tí wọ́n bàjẹ́ nítorí táì rọ́ọ̀dù tó jẹ. Àárín ni gíà inú àpótí ti ń jẹ jù, nítorí ibẹ̀ ló ń lò jù. Bí ẹ bá di í títí àárín fi le, ìpẹ̀kun méjèèjì á há. Sítíárìn tó há nínú kọ́nà burú ju èyí tó dẹ̀ lọ.

Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ dì í díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i dé ìpẹ̀kun méjèèjì lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń takú níbì kan, ẹ tú u padà. Bí àárín bá ṣì dẹ̀ nígbà tí ìpẹ̀kun ti ń há, àpótí náà ti jẹ, àfi kí ẹ tún inú rẹ̀ ṣe.

Nọ́ọ̀tì àti kọ́tà pínnì àtijọ́ ńkọ́, ṣé mo lè tún wọn lò?

Kọ́tà pínnì rárá. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà inú náà rárá. Ojú táì rọ́ọ̀dù onísóńṣó gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì mọ́, láìsí girísì, kó lè di ihò rẹ̀ mú. Bí ihò nọ́ọ̀tì táì rọ́ọ̀dù kò bá bá ihò pínnì dọ́gba, ẹ dì í síwájú sí i. Ẹ má tú u padà.

Èyí tí mo bẹ̀ yín lé lórí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tẹ́ áàmù sítíárìn tàbí táì rọ́ọ̀dù tó bá wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jó o. Iná ń ba líle irin náà jẹ́, kíkán rẹ̀ kì í sì í kìlọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ń gbọ̀n, tàbí ó ń fà sápá kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bó bá jẹ́ orí ìwọ̀n eré kan pàtó ló ti ń gbọ̀n tó sì ń dákẹ́ tí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ yẹ bálánsì táyà àti rímù tó wọ́ wò. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n tí kì í sì í fẹ́ dákẹ́, oríkèé kan ti dẹ̀. Bó bá ń fà nígbà bíréèkì nìkan, ẹ wo bíréèkì àti họ́ọ̀sì rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà búṣìn áàmù. Bó bá ń fà nígbà gbogbo, ẹ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì sí ipò ara wọn. Bí fífà náà bá yí apá, táyà ni.

Álàìmẹ́ǹtì ló ń kẹ́yìn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣètò ohun tó ń mì. Ẹ má sì gba ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọkọ̀: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì ń fẹ́ kí iwájú táyà méjèèjì sún mọ́ra díẹ̀, nígbà tí Mini àtijọ́, tí táyà iwájú ń fà, ń fẹ́ kó ṣí síta díẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n má wa ọkọ̀ náà rárá, kódà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?

Bí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí táì rọ́ọ̀dù bá ń mì tí ojú fi rí i kedere. Bí kọ́tà pínnì kò bá sí níbi tó yẹ kó wà. Bí sípíríńgì bá kán. Bí ìlà sísán bá wà lára áàmù tàbí ọ̀pá. Bí ibi tí wọ́n de nǹkan mọ́ bá ti jẹrà. Bí sítíárìn bá há níbikíbi. Bí rọ́bà tó so ọ̀pá sítíárìn pọ̀ bá ti ya. Ẹyọ kan péré nínú wọn ti tó.

Ẹ má ṣe fi okùn fà á pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà ṣì nílò sítíárìn àti ẹsẹ̀ iwájú tó dúró. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì de é mọ́lẹ̀ láti ara ṣáńsì, kì í ṣe láti ara áàmù tí ẹ kò gbẹ́kẹ̀ lé.